Ìkòkò Aró Lẹ́yìn Àjálù

Bí àjálù bá já lu ìlú, ohun tí ìjọba àti àwọn ẹlẹ́yinjú àánú kọ́kọ́ máa ń kó wá ni ìrẹsì, ẹní, ìbora àti páànù. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìrẹsì á tán, ọkọ̀ tó kó o wá á yí orí padà, àwọn tí ìjì ká òrùlé wọn àti àwọn tí iná jó oko wọn á wá jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ wọn ò ní rí nǹkan kan mú. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Aró ni mo fi ń jẹun láti ìgbà èwe mi. Mo mọ ohun tí ìkòkò aró lè ṣe fún irú ìlú bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ohun tí kò lè ṣe, bí àwọn kan tilẹ̀ ń fi ṣèlérí lórí rédíò.

Ọ̀wẹnà ni mo wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, lẹ́bàá odò tí ìlú wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, lójú ọ̀nà Oǹdó sí Àkúrẹ́. Kòkó ni iṣẹ́ ìlú wa. Iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, tí oríkò rẹ̀ wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ n'Íbàdàn, ní ẹ̀ka lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Àgbẹ̀ kòkó mọ ohun tí ọyẹ́ ń fi ojú ẹni rí. Iná díẹ̀ tí ẹnìkan dá sí etí igbó, tí atẹ́gùn gbé, ó tó láti jó oko baba àti ti ọmọ mọ́lẹ̀ ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá tún òmíràn gbìn nígbà tí òjò bá rọ̀, ọdún 3 sí 5 ni wọn yóò fi dúró kí wọ́n tó rí èso gidi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò tí a gbìn sáàárín kòkó á fún wọn lóúnjẹ, òótọ́ ni. Owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó oògùn ńkọ́?

Àárín àdánù àti ìkórè yìí ni mo ti rí àyè fún aró. Elú igbó, tí a ń fi ewé rẹ̀ ṣe aró, ń fà mọ́ igi nínú oko tí a ti fi sílẹ̀ di igbó, kò sí ẹni tó gbìn ín. Irú kejì tí a ń gbìn nílẹ̀, elú àjà, kò ní pé ọdún kan tí a ó fi máa gé ewé rẹ̀. Eérú tí aró nílò, èèpo kòkó ló dára jù fún un lọ́dọ̀ wa, èèpo yẹn náà ni a sì máa ń kó dà sí ìdí igi kó jẹrà. Omi wà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ pé mo ní aró lè rọ́pò kòkó o. Kò lè rọ́pò rẹ̀. Afárá ni, láti bèbè tí àdánù wà dé bèbè tí ìkórè wà.

Àwọn ará Òṣogbo ní ìtàn kan tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀dá omi ló lé Láaròóyè àti Olútìmẹ́hìn kúrò ní Ìpólé. Wọ́n ń wá omi kiri títí wọ́n fi dé etí odò Ọ̀ṣun. Níbi tí wọ́n ti ń bẹ́gi láti fi tẹ̀dó, igi ńlá kan wó sínú odò, wọ́n sì gbọ́ ohùn kan láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ni aláró yẹn. Àwọn tí wọ́n ń sá fún àjálù, àwọn náà ni wọ́n tún wá fa àjálù fún onílé. Síbẹ̀ ìtàn náà kò parí sí ìjà. Ọ̀ṣun bá wọn mulẹ̀, wọ́n tẹ ìlú dó, ìlú ọ̀hún wá di ìlú aró tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń fi aró kì títí dòní. Igbó Ọ̀ṣun náà sì wà nínú àkọsílẹ̀ àjọ UNESCO láti 2005.

Bí a bá ń tu ẹni tí nǹkan ṣe nínú, a máa ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú rere ni. Ṣùgbọ́n àjálù mìíràn wà tí agbè náà ń fọ́ nínú rẹ̀, tí ilé ń lọ, tí irinṣẹ́ ń lọ, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ń bá a lọ. Ìtàn Òṣogbo wà fún irú èyí. Ẹni tí ìkòkò rẹ̀ fọ́ àti ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ jókòó sí ibi kan náà, wọ́n fi ẹnu kò sí bí wọn yóò ṣe máa lo omi kan ṣoṣo pọ̀. Gbogbo iṣẹ́ aró tí mo ti rí tó gbé ìlú dìde, àdéhùn báyìí ló wà nídìí rẹ̀. Èyí tí kò ní àdéhùn, kì í pẹ́ tú ká.

Kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí inú ìṣe rẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ewé elú tútù ni a ń já, ọ̀jẹ̀lẹ́ rẹ̀, a ó gún un lódó títí yóò fi dúdú tí yóò sì lẹ̀, a ó wá mọ ọ́n ní ṣùṣù bí ìkúùkù, a ó sá a sóòrùn kó gbẹ. Elú gbígbẹ yìí ṣe é gbé lọ sí ọjà, ó ṣe é fi pamọ́. Ẹlòmíràn ni yóò máa sun èèpo kòkó àti igi di eérú. A ó po eérú náà mọ́ omi, a ó mọ ọ́n, a ó tún un sun nínú iná líle. Lẹ́yìn èyí, a ó gbé ìkòkò méjì léra. Ti òkè ní ihò nídìí, inú rẹ̀ ni eérú wà. A ó da omi lé e, omi náà á máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ti ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni a ó ju elú sí, a ó bò ó, a ó sì dúró. Láàárín ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 7, bí ojú ọjọ́ bá ṣe rí, yóò ti máa rùn, yóò sì yọ ìfófòó aláwọ̀ aró lójú. Òórùn yẹn kì í ṣe òórùn tí àlejò fẹ́ràn. Èmi fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò ni pé aró kì í yòrò nínú omi lásán. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ni wọ́n ń gba afẹ́fẹ́ inú omi eérú náà tán, nígbà yẹn ni aró á tó yòrò tí yóò lè wọ inú òwú. Bí a bá fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ máa ń ní, ó pọ́n fẹ́ẹ́ mọ́ ọn. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, yóò yí padà di aró lójú wa. Ìrìbọ̀ kan kò tó. A ó rì í, a ó fẹ́ ẹ sátẹ́gùn, a ó tún un rì, títí yóò fi dé ibi tí a fẹ́. Ẹtù tí àwọn baba wa ń wọ̀ lọ sóde, ìrìbọ̀ lórí ìrìbọ̀ ni òwú rẹ̀ gbà kó tó dúdú tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kánjú fa aṣọ yọ, aró á ṣí lára rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́.

Ka àwọn ọwọ́ tó wà nínú èyí. Ẹni tó já ewé kò lè jẹ́ ẹni tó ń sun eérú lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó ń gún elú nílò ẹnìkejì lódó. Àwọn aládìrẹ, tó ń fi iko di aṣọ tàbí tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí i lára, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n sí àwọn aláró láti ìbẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́-ọnà ni àwọn wọ̀nyí, àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n mọ ìkòkò. Ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ lè di òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ inú aṣọ ní ìjókòó. Ọmọdé lè pọn omi. Ọkùnrin lè gé igi, ó sì lè lu aṣọ tó gbẹ kó máa dán. Lẹ́yìn àjálù, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́ nínú ènìyàn ni ìgbàgbọ́ pé ẹnìkan ń retí òun níbì kan. Iṣẹ́ aró kì í jẹ́ kí ìyẹn bàjẹ́. Bí o kò bá wá lónìí, ìkòkò rẹ ò ní ẹni tí yóò rò ó, àwọn tí ń dúró dè ọ́ á ránṣẹ́ sí ọ.

Mo sì gbà gbọ́ pé ó ní ohun mìíràn tó ń ṣe fún ọkàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n ti rí ohun burúkú kò lè jókòó síwájú àlejò tó mú bírò lọ́wọ́ kí wọ́n máa rò ó fún un. Ṣùgbọ́n bí ojú wọn bá wà lára iko tí wọ́n ń dì, tí ẹni tó jókòó tì wọ́n náà ń di tirẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa jáde fúnra rẹ̀, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la. Kò sí ẹni tó ń bi wọ́n. Bí ẹkún bá dé, wọ́n á sun ún, wọ́n á sì máa di aṣọ lọ. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń bọ Ìyá Màpó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ìkòkò mímọ àti aró rírẹ, kò ya aró sọ́tọ̀ kúrò lára ìbímọ àti ikú. Opó tí ọkọ rẹ̀ kú, aṣọ dúdú tí a pa láró ni ó ń wọ̀. Láti ọwọ́ aláró ni ó ti gba aṣọ ọ̀fọ̀, ọ̀dọ̀ aláró kan náà ni yóò padà wá fún àdìrẹ olọ́nà tí yóò fi jáde lópó.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì ní Japan ní oṣù kẹta ọdún 2011, tí òkun sì bo àwọn ìlú etíkun mọ́lẹ̀, àwọn obìnrin kan ní ìlú Ōtsuchi bẹ̀rẹ̀ sí í ran sashiko nínú ibùdó tí wọ́n kó wọn sí. Sashiko ni rírán tí àwọn àgbẹ̀ àti apẹja ilẹ̀ wọn fi ń dí aṣọ aró tó ti gbó, òwú funfun lórí aró. Wọn kò ní ilé, wọn kò ní àyè, abẹ́rẹ́ àti òwú àti aṣọ ni gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà gbà, ó sì ṣe é ṣe lórí ẹní tí wọ́n ń sùn lé. Mo ka èyí, mo rántí àdìrẹ alábẹ́rẹ́ tiwa. Àwọn tí ń ṣètò ibùdó àwọn tí àjálù lé nílé máa ń sọ pé kò sí àyè fún iṣẹ́ níbẹ̀. Àyè wà. A kò ní láti dúró de ìkòkò, omi àti abà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Iko àti abẹ́rẹ́ ni kí a kọ́kọ́ kó wá. Ìkòkò lè dé nígbà tí ibùdó bá ti fìdí múlẹ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lágbàáyé wà ní India. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 2001, ilẹ̀ mì ní agbègbè Kutch ní ìpínlẹ̀ Gujarat, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ó sì wó abúlé Dhamadka palẹ̀. Dhamadka ni abúlé àwọn ìdílé Khatri, tí wọ́n ti ń tẹ aṣọ ajrakh láti ìran dé ìran, aró àti pupa lórí aṣọ olówùú, igi gbígbẹ́ ni wọ́n fi ń tẹ ọnà rẹ̀. Ilé wó, ṣùgbọ́n ilé ṣe é kọ́. Ohun tó dẹ́rù bà wọ́n ni pé omi yí padà. Irin pọ̀ jù nínú omi tí wọ́n ń fà láti abẹ́ ilẹ̀, aláró tó bá ń fọ aṣọ nínú irú omi bẹ́ẹ̀ kò lè mọ àwọ̀ tí yóò jáde mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ismail Mohammad Khatri àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá ilẹ̀ mìíràn nítòsí Bhuj, omi ni wọ́n sì fi yan ilẹ̀ náà. Wọ́n sọ abúlé tuntun ọ̀hún ní Ajrakhpur, wọ́n fi orúkọ iṣẹ́ wọn pè é. Àwọn kan dúró sí Dhamadka, wọ́n ń ṣe é níbẹ̀ bí agbára wọn ṣe mọ. Láti orí ilẹ̀ asán ni Ajrakhpur ti di ibi tí àwọn oníbàárà ń wá láti òkè òkun, tí ọmọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ baba. Ní 2003, yunifásítì De Montfort ní ìlú Leicester fi oyè ọ̀mọ̀wé dá Ọ̀gbẹ́ni Khatri lọ́lá.

Kí ni wọ́n ṣe dáadáa? Wọn kò dúró kí ẹnìkan wá pín ilẹ̀ fún wọn níbi tó bá wù ú. Wọ́n mọ ohun tí iṣẹ́ wọn ń jẹ, wọ́n sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà yan ibi tí wọn yóò kọ́lé sí. Bí a bá fẹ́ kó àwọn tí omi tàbí iná lé kúrò nílé lọ sí ibùgbé tuntun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí wọ́n bi wọ́n kí katakata tó dé: omi wo ni ẹ ó lò, ṣé ẹ ti tọ́ ọ wò?

A ní tiwa náà nílé. Lẹ́yìn tí ogun fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá, Ṣódẹkẹ́ kó àwọn tó ṣẹ́kù lọ sábẹ́ òkúta Olúmọ, ní Abẹ́òkúta, ní 1830. Àwọn tí wọ́n sá lọ síbẹ̀ kò kó ju ohun tí orí lè rù lọ. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin mọ òwú, wọ́n mọ elú. Nígbà tí aṣọ funfun láti òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé rẹpẹtẹ, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ló sọ ọ́ di àdìrẹ tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń wá rà, tí àwọn oníṣòwò ń wá láti Gold Coast àti Senegal nítorí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Ìlú tí àwọn asásálà tẹ̀dó di ìlú tí àwọn olówó ń sáré lọ. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń kọjá ní ọjà Ìtòkú níbẹ̀.

Abẹ́òkúta yìí kan náà ló sì kọ́ wa ní apá kejì. Àwọn ará Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n ṣe nílé-iṣẹ́ láti 1897. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, pẹ̀lú sódà tó rọ́pò eérú, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Lẹ́yìn èyí ni ọjà gbogbo ayé wó ní àwọn ọdún 1930, owó kòkó já, owó aṣọ já, àwọn oníbàárà sì ń ráhùn pé aṣọ ń ya, aró ń ṣí. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn aláró kò gbà. Wọ́n gba lọ́yà, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìjọba amúnisìn, ìgbìmọ̀ kan sì jókòó láti wádìí rẹ̀ ní 1936. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Aláké rí ohun tó ń ba orúkọ àdìrẹ jẹ́, kò ṣàṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ọjà ti wó lé lórí, tó rí ọ̀nà tí yóò fi ṣe aṣọ púpọ̀ ní owó kékeré, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Kò sí ẹni tó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣòfin. Nígbà tí àjálù bá dé, àwọn tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn ni kí a kọ́kọ́ pè sí ìjókòó, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ti gba lọ́yà.

Aró fúnra rẹ̀ lè di àjálù bí kò bá sí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Ní Bengal, àwọn òyìnbó fi ẹ̀yáwó de àwọn àgbẹ̀ mọ́lẹ̀ láti máa gbin aró sí ilẹ̀ tó yẹ kí wọ́n gbin ìrẹsì sí, títí àwọn àgbẹ̀ fi dìde ní 1859 tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ewé kan náà ni. Ẹni tó ń dá iye rẹ̀ ni kì í ṣe ẹni kan náà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sí Ọ̀wẹnà tó ní òun fẹ́ ra gbogbo elú wa, tí òun yóò yá wa lówó ṣáájú, ẹ jẹ́ kí a jókòó bèèrè ọ̀rọ̀ dáadáa.

Màmá Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye ni mo máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ní ta ló ti ṣe é lóde òní. Ọmọ Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí ni wọ́n, wọ́n bí wọn ní 1951, wọ́n sì dá ibùdó iṣẹ́ ọnà wọn sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ àti aró lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2000, ìjọba Ítálì ránṣẹ́ pè wọ́n kí wọ́n wá kọ́ àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí wọ́n ń ṣe aṣẹ́wó níbẹ̀ níṣẹ́ ọwọ́ tí wọn yóò máa fi jẹun. Àjálù nìyẹn náà jẹ́, bí kò tilẹ̀ sí iná tàbí àgbàrá nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti tà bí ọjà, ẹnìkan fi aṣọ àti àwọ̀ sí wọn lọ́wọ́. Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lára Màmá ni pé ilé wọn wà ní ṣíṣí fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó wá kì í ṣe ọjọ́ kan ló wá, ó ń bá wọn gbé, ó ń wo bí aró ṣe ń gbó, ó ń rí èyí tó bàjẹ́.

Èyí ni mo fi ń bínú sí ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tó gbòde kan. Mo ti bá wọn lọ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ní ibi kan tí àgbàrá ti gbé ilé lọ. Wọ́n pín aró oníyẹ̀fun fún àwọn obìnrin, wọ́n pín sódà láìsí ìbọ̀wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pín ìwé-ẹ̀rí, wọ́n lọ. Ọwọ́ obìnrin kan bó. Lẹ́yìn tí yẹ̀fun náà tán, kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé elú wà lẹ́yìn ilé òun. N kò kórìíra aró oníyẹ̀fun, mo ń lò ó bí iṣẹ́ bá kánjú, mo sì máa ń wọ ìbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí àjálù ti gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má ṣe fún un ní iṣẹ́ tí yóò tún máa dúró de àjòjì kó tó lè ṣe é.

Ó dára, kí ni mo fẹ́? Ẹ wo Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà. Nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ kan tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947, wọ́n jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jùmọ̀ ń jẹ, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ. Òkun ti ń jẹ ìlú náà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti gba ilé, ó ti gba ibojì. Odi tí yóò dá òkun dúró ni wọ́n kọ́kọ́ nílò, kò sí aró tó lè ṣe ìyẹn, ẹni tó bá sì fi àdìrẹ bo gbèsè odi náà mọ́lẹ̀ ń tan wọ́n ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti kó wá sókè, tí wọ́n wà káàkiri ìlú tó jìnnà sí omi, ọmọ ìran tó mọ bí a ti ń jùmọ̀ ṣiṣẹ́ ni wọ́n. Elú wà lọ́dọ̀ tiwa nínú igbó. Èèpo kòkó wà. Bí ọ̀nà bá wà láàárín wa, a lè máa gún elú ní Ọ̀wẹnà kí a fi ránṣẹ́ ní gbígbẹ, kí wọ́n máa di aṣọ níbi tí wọ́n bá wà, kí a jùmọ̀ pín owó rẹ̀ bí a bá ti fẹnu kò.

Fún àwa tí a wà nílé, mo ti ń bá àwọn aláró ẹlẹ́gbẹ́ mi sọ ọ́ ní ìpàdé: kí ẹni tó bá ń tún oko kòkó tó jóná gbìn, gbin elú àjà sí etí rẹ̀. Kí a má ṣe já elú igbó tán lórí ìtàkùn kan. Kí a máa fi ọ̀jẹ̀lẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ lórí gbogbo rẹ̀. Kí a jẹ́ kí ẹgbẹ́ ní àpò kan tí owó aṣọ ń wọ̀, tí obìnrin mẹ́ta tí ilé wọn yàtọ̀ síra ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n bá fẹ́ pè ní àdìrẹ tiwa, kí a fọ̀ ọ́ fúnra wa kí a tó tà á, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣí, kí ó padà sínú ìkòkò. Ọjà ti kún fún aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sí lórí, tó wọlé láti China ní owó pọ́ọ́kú. A kò lè bá a du owó pọ́ọ́kú. Ohun tí a lè fi bá a jà ni aṣọ tí aró rẹ̀ dúró, tí ẹni tó rà á mọ orúkọ ẹni tó pa á láró.

Kí a sì gbẹ́ kòtò fún ìdọ̀tí aró, kí ó jìnnà sí odò. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ń sọ pé odò ńlá ni Ọ̀wẹnà, pé yóò gbé e lọ. Àwọn tó ń pọn omi mu wà ní ìsàlẹ̀ wa. Mo ti sọ fún wọn pé ìpàdé tó ń bọ̀, kòtò yẹn ni a ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé kí a tó ka owó.